Kóòtù Pààlè, Wọ́n Tún Na Ọwọ́ Sí I

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀ ìyá mi.

Ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́ ni ìyá mi ti ń ta ọṣẹ nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Màmá kò mọ̀wé kà. Síbẹ̀, bí ẹ bá jí i lóru pé kó mú irú ọṣẹ báyìí wá, kò ní ṣì í mú. Àwọ̀ bébà tí wọ́n fi wé e ló fi ń mọ̀ ọ́n, àti àwòrán tó wà lára rẹ̀. Bákan náà ni àwọn oníbàárà rẹ̀ rí. Wọn kì í dárúkọ tí wọ́n kọ sára ọṣẹ. "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ fún mi ní oní-bébà pupa yẹn." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń fi mọ́tò gbé ọjà kiri dé ìsọ̀ wa. Ó ní ọṣẹ oní-bébà pupa wà lọ́wọ́ òun, owó rẹ̀ sì fi díẹ̀ dín sí iye tí à ń rà á tẹ́lẹ̀. Màmá yẹ̀ ẹ́ wò. Bébà pupa nìyẹn, òdòdó funfun nìyẹn, ìlà aláwọ̀ wúrà méjì nìyẹn. Ó ra páálí mẹ́rin. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìjà fi dé. Ọṣẹ náà kò hó, ó ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn, ó sì ń yún àwọn ọmọdé lára. Ìyá kan tó ti ń bá Màmá rajà láti ọjọ́ pípẹ́ ju èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìsọ̀, ó ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, mi ò mọ̀ pé ẹ lè ṣe irú èyí fún mi."

Èmi ni Màmá pè pé kí n wá ka ohun tó wà lára bébà. Mo gbé ti àtijọ́ àti ti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lẹ́tà méjì péré ló yàtọ̀ nínú orúkọ. Màmá kò sọ̀rọ̀. Ó dá owó padà fún gbogbo ẹni tó mú ti ẹ̀ wá, títí kan àwọn tó ti lò ju ìdajì lọ. Owó tó yẹ kó fi san owó ilé-ìwé mi ní sáà yẹn ló bá a lọ.

Nígbà tí mo dàgbà tí mo di oníṣẹ́ ìwé ìròyìn, ìbéèrè kan kò kúrò lọ́kàn mi. Ta ni òfin wà fún nínú irú ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé ẹni tó ni ojúlówó ọṣẹ ni, àbí ìyá mi, àbí ìyá tó ju ọṣẹ sílẹ̀? Bí kóòtù bá sì sọ fún ọ̀gá oníbébà pupa yẹn pé ó tó gẹ́ẹ́, kí ni yóò mú un gbọ́? Ìbéèrè yìí ló mú mi tú ìtàn wò, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí.

ERIN MÉJÌ

Ẹ lè rò pé àwa nìkan ni a ní ẹni tí kò mọ̀wé tó ń fi àwòrán rajà. Rárá o. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ilé-iṣẹ́ Orr Ewing ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, ń pa òwú láró pupa, wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Íńdíà àti sí Aden. Wọ́n a máa lẹ bébà kan mọ́ ìdì òwú kọ̀ọ̀kan, àwòrán erin méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ra òwú náà lọ́hùn-ún kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí á má tilẹ̀ sọ pé wọ́n kà á. Erin méjì ni wọ́n ń pe òwú yẹn ní èdè tiwọn, erin méjì ni wọ́n sì ń béèrè lọ́jà.

Ni ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Johnston bá gbé òwú tirẹ̀ jáde. Ẹ gbọ́ ná: erin méjì ni ti wọn náà lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹjọ́ dé, wọ́n ní àwọn kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni, orúkọ àwọn ni àwọn kọ sára bébà gbàǹgbà, kì í ṣe orúkọ Orr Ewing. Ẹjọ́ náà lọ títí, ó dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà ilé ìgbìmọ̀ àwọn Lọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1882, wọ́n dá Orr Ewing láre. Kí ni àǹfààní orúkọ tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí kò lè kà á? Erin ni oníbàárà ń wò, nítorí náà erin ni adájọ́ gbọ́dọ̀ wò.

Nígbà tí mo ka ẹjọ́ yìí, ìyá mi ni mo rántí. Ó yà mí lẹ́nu pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọkùnrin ọlọ́ṣẹ yẹn tó dé Akẹ̀sán tí òfin ti mọ irú ojú tí Màmá fi ń rajà, tó sì ti sọ pé ojú yẹn tó ohun tí a ń dáàbò bò.

ỌṢẸ SUNLIGHT

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ẹjọ́ erin, ọ̀rọ̀ kan ọṣẹ gan-an. Nígbà yẹn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pá gígùn ni ọṣẹ máa ń jẹ́ ní ìsọ̀. Oníṣọ́ọ̀bù a gé e, a wọ̀n ọ́n, oníbàárà a sì gbé e lọ láìmọ ẹni tó ṣe é. William Lever ló ronú pé kí òun gé ọṣẹ sí wẹ́wẹ́, kí òun fi bébà dáradára wé e, kí òun sì fún un lórúkọ. Ní ọdún 1884 ó forúkọ Sunlight sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Sunlight, ẹ ò mọ̀ pé ó ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, àbí?

Ọjà náà tà wàràwàrà. Kò pẹ́ tí àwọn kan tó ń jẹ́ Goodwin fi gbé ọṣẹ tiwọn jáde. Ivy ni wọ́n pè é. Orúkọ yàtọ̀, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n irú bébà tí wọ́n fi wé e, bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ sára rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ìpolówó tó ní ọṣẹ náà ń dá aṣọ fọ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jọ ti Sunlight. Lever gbé wọn lọ sí kóòtù.

Àwíjàre Goodwin mọ́gbọ́n dání, bí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni àwọn ń tà fún, kò sì sí oníṣọ́ọ̀bù kan tó ṣì í rà. Ẹni tó ra Ivy mọ̀ pé Ivy ni òun rà. Ta wá ni àwọn tàn jẹ?

Adájọ́ Chitty àti àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò gbà. Ní ọdún 1887, ohun tí wọ́n fà yọ nìyí: oníṣọ́ọ̀bù kò ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó kó irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un ti fi irin-iṣẹ́ ẹ̀tàn lé e lọ́wọ́. Bí oníṣọ́ọ̀bù aláìṣòótọ́ bá fẹ́ tan ìránṣẹ́bìnrin tí wọ́n rán wá ra Sunlight, ọṣẹ tí yóò fi tàn án ti wà ní sẹpẹ́. Kóòtù pàṣẹ pé kí Goodwin má ṣe ta ọṣẹ ní irú bébà bẹ́ẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì ṣírò èrè tí wọ́n ti jẹ lórí rẹ̀ fún Lever. Wọn kò yọ èyí tí wọ́n tà fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó mọ̀dí kúrò nínú ìṣirò náà.

Kóòtù kò sọ pé Lever nìkan ló ni bébà lórí ilẹ̀ ayé o. Ẹnikẹ́ni lè fi bébà wé ọṣẹ. Ẹnikẹ́ni lè lo àwọ̀ pupa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni kí gbogbo rẹ̀ pé jọ lára ọjà kan, tí ẹni tó bá rí i lókèèrè yóò fi rò pé ti ẹlòmíràn ni.

William Lever yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí Àpápá. Ní 1923 ni wọ́n dá West African Soap Company sílẹ̀. Ní 1955 ó di Lever Brothers Nigeria, ní 2001 ó sì di Unilever Nigeria. Nítorí náà, ẹjọ́ Sunlight kì í ṣe ìtàn àwọn aláwọ̀ funfun nìkan. Ọṣẹ tó dá ẹjọ́ sílẹ̀ wọ ilé bàbá wa.

ÀṢẸ TÓ LÉYÍN

Ó yá, kóòtù ti ní kí ó má ṣe é mọ́. Bébà lásán ṣáà ni àṣẹ yẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Bàbá mi ní ọsàn mẹ́ta lẹ́yìn ilé. Nígbà tí wọ́n bá so, yóò fi òwú so ìkarahun ìgbín àti àkísà pupa mọ́ ẹ̀ka kan. Ààlè nìyẹn. Ọmọdé tó bá fẹ́ ká ọsàn yóò wo ìkarahun yẹn, yóò sì yípadà. Ìkarahun ìgbín kò lè lu èèyàn, kò lè gbá èèyàn mú. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń ba olè lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ ẹni tó sì rí ààlè tó tún na ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ẹni tó kàn ká ọsàn lójú ọ̀nà. Ẹni àkọ́kọ́ ti jalè, ó tún ti sọ fún olóko pé ààlè rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àṣẹ ìdènà láti kóòtù rí. Ilé-ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Chancery ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú àṣẹ yìí ti dàgbà. Ẹ̀rí-ọkàn ènìyàn ni kóòtù náà ní òun ń bá wí: kì í kàn ní kí o san owó, yóò ní kí ìwọ lágbájá má ṣe èyí, tàbí kí o lọ ṣe tọ̀hún. Bí lágbájá bá kọ̀, ara rẹ̀ ni wọ́n ń mú. Ẹ̀wọ̀n Fleet ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n tì pa ní 1842, gba ọ̀pọ̀ ẹni tó tàpá sí àṣẹ Chancery, àwọn àti àwọn ajigbèsè jọ wà níbẹ̀. Àwọn lọ́yà a máa sọ pé kọ́kọ́rọ́ irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ wà lápò ẹlẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó bá ti gbọ́ràn ni ilẹ̀kùn ń ṣí.

Ní ilẹ̀ wa, àwọn tó mọ òfin mọ Fọ́ọ̀mù 48 àti Fọ́ọ̀mù 49. Àkọ́kọ́ a máa sọ fún ẹni tí àṣẹ dè pé bí o bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n lè jẹ́ tìrẹ. Bí ó bá ṣì kọ̀, èkejì a máa pè é kó wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní jù ú sẹ́wọ̀n. Ìgbésẹ̀ méjèèjì yìí kò ṣeé fò. Òmìnira ènìyàn ló wà lórí ìwọ̀n, nítorí náà adájọ́ a máa fẹ́ rí i pé wọ́n fi ìwé náà lé e lọ́wọ́ dáadáa, àti pé ẹ̀rí àìgbọràn rẹ̀ kò ní iyèméjì nínú. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ló rú àṣẹ, ẹ má rò pé wọn kò rí ẹni mú. Àwọn ọ̀gá tó ń darí rẹ̀ lè fojú winá rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ AṢỌ BẸ́Ẹ̀DÌ

Ẹjọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ilé-iṣẹ́ Perfect Fit ń ta aṣọ tí wọ́n fi ń bo tìmùtìmù bẹ́ẹ̀dì. Nínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń dì í ni wọ́n ń ki páálí kan sí, tó ní àwòrán lára, èyí tí oníbàárà yóò kọ́kọ́ rí. Ilé-iṣẹ́ Acme Quilting, tó ń ta irú ọjà kan náà, fara wé ìdì yìí. Kóòtù rí i pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ní 1980, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní New York gbè sẹ́yìn Perfect Fit.

Àṣẹ tó tẹ̀lé e lágbára. Wọ́n ní kí Acme ṣíwọ́, kó sì tún kọ̀wé sí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ti kó ọjà fún pé kí wọ́n dá páálí náà padà, kí Acme sì san owó rẹ̀. Acme ní èyí ti pọ̀ jù. Ní 1981, àwọn adájọ́ ní kò pọ̀ jù. Ọjà tí a fi ẹ̀tàn kó síta, ẹni tó kó o síta ni yóò kó o wọlé.

Acme kò ṣe ohun tí àṣẹ náà wí bó ṣe yẹ kó ṣe é. Wọ́n dá a lẹ́bi àfojúdi sí kóòtù, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 1982. Ohun méjì ló yẹ ká mú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, bí ẹnìkan bá wí pé òun kò fi orí kunkun ṣe é, ìyẹn kò gbà á sílẹ̀. Àṣẹ ti dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀, kò sì tẹ̀lé e, ó tán. Èkejì, èrè tó ti ara àìgbọràn wá lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́. Bí àfojúdi bá ń mówó wọlé, ta ni kò ní ṣe é?

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ọdún 1930, nínú ẹjọ́ àwọn tó ń ta okùn onírin. Kóòtù sọ níbẹ̀ pé ẹni tí a ti mú lẹ́ẹ̀kan pé ó wọ oko olóko kò gbọdọ̀ wá máa rìn létí ààlà mọ́. Kí ó jìnnà sí i dáadáa. Ẹni tí kò tíì ṣẹ̀ rí lè sún mọ́ ààlà, wọn a fojú fò ó. Ẹni tí kóòtù ti bá wí, tó wá yí lẹ́tà kan tàbí òdòdó kan padà, tó ní òun ti gbọ́ràn, ó ń fi adájọ́ ṣeré ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ẹ̀tẹ́ bá ń wu ṣìgìdì, a ní kí wọ́n gbé òun sójò.

NÍLÉ TIWA

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Òfin àmì ọjà tí à ń lò ní Nàìjíríà, ti 1965 ni. Ó ní kí ẹni tó bá ní àmì lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá forúkọ sílẹ̀, kò lè pẹjọ́ pé wọ́n jí àmì òun, ṣùgbọ́n òfin ṣì fi àyè sílẹ̀ fún un láti sọ pé ẹlòmíràn ń ta ọjà tirẹ̀ bí ẹni pé ti òun ni.

Ní 1972, ọ̀rọ̀ súìtì kan dé kóòtù. Trebor ń ta súìtì mínítì tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ mìíràn gbé Pacco jáde. Orúkọ méjèèjì kò jọra rárá. Bébà tí wọ́n fi wé wọn ló jọra, kóòtù sì ní ó jọ ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè ṣi oníbàárà lọ́nà. Ẹ rí i pé erin méjì ti rìn láti Aden dé ilẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí kóòtù pààlè fún òun gbọ́dọ̀ mọ kóòtù tí yóò lọ. Ní 2003, nínú ẹjọ́ Ayman àti Akuma, lórí irun tí àwọn obìnrin fi ń ṣe orí lóge, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé níwọ̀n bí wọn kò ti forúkọ àmì náà sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ kò ní agbára láti gbọ́ ọ. Gbogbo wàhálà tí wọ́n ti ṣe fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọjà, ẹ forúkọ àmì yín sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti àfojúdi gan-an, ẹjọ́ tó ṣe pàtàkì jù ní ilẹ̀ wa kò kan ọṣẹ, kò kan súìtì. Ilé ló kàn. Nígbà ìjọba ológun, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé Ojúkwu jáde kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣì wà níwájú kóòtù. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n dá a padà sínú ilé náà. Ìjọba kò dá a padà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ló sáré gbà lọ pé kí wọ́n bá òun dá àṣẹ yẹn dúró. Ní 1986, àwọn adájọ́ kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ àṣẹ kóòtù mọ́lẹ̀ kò lè na ọwọ́ kan náà sí kóòtù pé kó ṣàánú òun.

Ẹ rò ó wò. Ìjọba oníbọn ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún. Bí gómìnà ológun kò bá lè rí ààlè kóòtù kó sì gbà á kọjá, ta wá ni oníbébà pupa?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló ń rí owó lọ́yà san, pé wọ́n ń fi òfin yìí tẹ ọmọ kékeré tó ń gbìyànjú mọ́lẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ọṣẹ rere, tó tà á ní owó pọ́ọ́kú, kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ó wá àwọ̀ tirẹ̀, kí ó wá àwòrán tirẹ̀, kí ó jẹ́ kí ojú mọ òun. Ohun tó ń jí nígbà tó bá wọ aṣọ ẹlòmíràn jáde ni ìgbẹ́kẹ̀lé tí ẹlòmíràn ti fi ọdún pípẹ́ kó jọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ọ̀hún kò sì sí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nìkan. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyá tó jókòó sí ìsọ̀, tí àdúgbò mọ̀.

Ọkùnrin ọlọ́ṣẹ yẹn tún padà wá. Ó tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìjà. Kò tijú. Ó ní gbogbo ẹ̀sùn ti parí, wọ́n ti ṣe bébà tuntun. Màmá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bébà pupa ni síbẹ̀, ìlà aláwọ̀ wúrà méjì ni síbẹ̀. Òdòdó kan tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di méjì.

Màmá dá a padà fún un. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, òdòdó lẹ pààrọ̀, ẹ ò pààrọ̀ ọṣẹ."

Ìyá tó ju ọṣẹ sílẹ̀ níjọ́sí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ìsọ̀, ó ní kí Màmá fún òun ní oní-bébà pupa méjì, èyí tó jẹ́ ojúlówó.